Reduce ni àbí collect?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń fi Java kọ prógíráàmù fún ilé oògùn kan. Reduce (iṣẹ́ inú Java tó ń pa ọ̀pọ̀ nǹkan pọ̀ di ẹyọ kan) ni mo fi ń kó orúkọ àwọn oníbàárà sínú ArrayList (àkójọ tó ṣe é fi nǹkan kún), kò sì sí wàhálà. Àfi ìgbà tí mo sọ stream(), tó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, di parallelStream(), tó ń pín iṣẹ́ náà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: orúkọ ń dín, null (àyè òfìfo) ń wọ àárín wọn, nígbà míì ó tiẹ̀ máa ń gbé ArrayIndexOutOfBoundsException (exception, ìyẹn àṣìṣe tó ń dá prógíráàmù dúró) jáde. Ṣé Java ló ní àléébù ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, Java ò jẹ̀bi. Inú mi sì dùn pé o rí i kó tó dé ọwọ́ oníbàárà, torí orúkọ tó sọnù láìpariwo ló ń bà mí lẹ́rù ju exception lọ.

ArrayList tí o gbé fún reduce, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Thread (òṣìṣẹ́ inú prógíráàmù) mélòó kan ló wá ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni mẹ́rin bá ń ṣa ẹ̀wà sínú igbá kan, wọ́n á máa gbá ara wọn lọ́wọ́, ẹ̀wà á sì máa dà nù. Ohun tí collect, iṣẹ́ Java tó wà fún kíkó nǹkan jọ, ń ṣe ni pé ó ń fún kálukú ní igbá tirẹ̀, kó tó da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè nǹkan mẹ́ta: ArrayList::new (igbá tuntun), ArrayList::add (fífi ẹyọ kan sínú igbá), ArrayList::addAll (dída igbá kan sínú òmíràn).

Ohun tí kì í yí padà ni kí o fi reduce ṣe. Owó ọjà, fún àpẹẹrẹ: reduce(BigDecimal.ZERO, BigDecimal::add), ìyẹn ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kó sì máa ro ó pọ̀. Òǹkà tuntun ló ń jáde nígbà kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n má fi 10 bẹ̀rẹ̀ nítorí pé o fẹ́ fi 10 kún àròpọ̀ o. parallelStream() á fi kún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí apá kọ̀ọ̀kan ló máa fi 10 bẹ̀rẹ̀. Àyọkúrò náà ò ṣe é fi reduce ṣe, torí bí a bá ṣe pín in ni ìdáhùn ń yí padà.

Ibi tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni String (ọ̀rọ̀ tí a fi lẹ́tà tò). Kì í yí padà lóòótọ́, reduce("", String::concat) á sì fún ọ ní ìdáhùn tó tọ̀nà. Àmọ́ gbogbo ohun tó ti tò ló máa ń dà kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúkọ 10,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà 10 á mú kó da lẹ́tà tó ju mílíọ̀nù 500 kọ, nígbà tí gbogbo lẹ́tà inú wọn ò ju 100,000 lọ. Collectors.joining(", ") ni kí o lò.

Ní ti orúkọ tìrẹ, láti Java 16 ni .toList() ti wà, ó sì tó. Bí o bá ṣì máa fi orúkọ mìíràn kún un lẹ́yìn náà, kò ní gbà fún ọ, Collectors.toCollection(ArrayList::new) ni kí o gbé fún collect nígbà náà.