Bí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣe lè di ìtàn mú lọ́wọ́ olú ẹ̀dá-ìtàn

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ráhùn pé awakọ̀ òfuurufú tó lọ sí Máàsì, tó jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìtàn aláwòrán yín, ń gba ìtàn lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn. Ẹ má ṣe ya awakọ̀ òfuurufú yẹn mọ́ lẹ́yìn ojú-ìwé àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kí á máa gbọ́ nínú rédíò ọmọbìnrin tí ẹ fi sí Kétu, nítorí pé bí ojú wa bá tún tẹ̀ lé e dé pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, òun náà ni yóò gba ìtàn lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, bí ẹ ṣe ráhùn.

Ìgbì rédíò máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 sí 22 láti Máàsì dé ayé, nítorí náà nígbà tí ọmọbìnrin náà bá gbọ́ “Ẹ gbà mí”, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán. Bí ó bá dá a lóhùn, ó ní láti dúró kí èsì tó padà dé. Ìdúró yẹn gan-an ni kí ẹ yà: kí ó rìn dé Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, kí ó padà wá bá rédíò tó ṣì dákẹ́. Lójú tèmi, àpótí àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ kò lè pọ̀ jù níbẹ̀.

Èyí wúlò kìkì bí ọkùnrin náà bá jìnnà. Bí ẹ bá gbé e sórí òṣùpá, ohùn rẹ̀ kò ní lò tó ìṣẹ́jú-àáyá 2 kí ó tó dé, àyè ìdúró kò sì ní sí.