Wọ́n fún ọmọ mi ní Veterinary dípò Medicine: ṣé kó gbà á?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi obìnrin ṣe JAMB, Medicine ló kọ, àmọ́ Veterinary Medicine ni wọ́n fún un ní FUNAAB, l'Abẹ́òkúta. Àbúrò mi tó wà l'Ékòó ní kó má gbà á, kó jókòó sílé kó tún ìdánwò ṣe, pé ta ló ń fi ọdún mẹ́fà kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ewúrẹ́. Èmi náà ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Adìyẹ ẹlẹ́yin 800 ni mo ń sìn ní Òdógbolú níbí. Ọkùnrin tó ń bá mi fún wọn lábẹ́rẹ́ kò dé yunifásítì rí, ó sì mọ oògùn bí ẹní mowó. Kí ni wọ́n wá ń fi ọdún mẹ́fà kọ́? Bó bá sì gbà á, kí ni kó máa ṣe láti ìsinsìnyí, tó fi jẹ́ pé bó bá jáde, iṣẹ́ ló máa mọ̀, tí kò ní jẹ́ oníwèé lásán?

Bàbá oníṣẹ́ adìyẹ, Òdógbolú

ÌDÁHÙN

Ẹ kú oríire, Bàbá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe oríire tí ẹ ń retí nìyẹn, àmọ́ oríire ni. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, kì í ṣe àbúrò yín. Bó bá jẹ́ ọmọ tí ìgbẹ́ ewúrẹ́ ń kó nírìíra, tí adìyẹ bá fò lù ú tó ń figbe ta, ẹ jẹ́ kó tún JAMB ṣe. Ọdún mẹ́fà ti pọ̀ jù fún ohun téèyàn kórìíra. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó gbà á. A ní àwọn tó jókòó sílé de Medicine fún ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, tí wọ́n padà wá bá wa ní kíláàsì kan náà.

Ọkùnrin tó ń fún adìyẹ yín lábẹ́rẹ́, n kò ní bú u. Ọ̀dọ̀ irú wọn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di adìyẹ mú láìfún un láyà. (Adìyẹ kò ní awọ tó pààlà àyà àti ikùn bíi tiwa, àyà rẹ̀ ló ń gbé sókè gbé sílẹ̀ kó tó lè mí, bí ẹ bá fún un mọ́lẹ̀ gírígírí, ó lè kú sí yín lọ́wọ́.) Àmọ́ ẹ bá mi bi í ní ìbéèrè kan. Àwọn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ nítorí àrùn onígbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, bíi salinomycin àti monensin, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí tòlótòló tàbí ẹṣin bá jẹ wọ́n?

Adìyẹ ń jẹ salinomycin lójoojúmọ́, kì í ṣe é ní nǹkan kan. Tòlótòló tó bá jẹ oúnjẹ kan náà lè rọ lẹ́sẹ̀ kó sì kú. Ti monensin àti ẹṣin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọkàn ẹṣin ló máa ń bà jẹ́, ìwọ̀n tí adìyẹ ò kà sí sì lè pa ẹṣin ńlá. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú ni mo sì ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bí ẹṣin ṣe máa ń wọ Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá ń múra Ojúde Ọba, kí ọjọ́ kẹta Iléyá tó pé. Ẹ wá ro ti ọmọ tí wọ́n fi ṣọ́ ẹṣin lálẹ́: koríko ti tán, ó rí àpò oúnjẹ adìyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó bu kóńgò méjì fún un. Àánú ló ṣe é. Ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá ti gbé mì ti di tirẹ̀.

Dókítà èèyàn, irú aláìsàn kan péré ló ní. Tiwa, ikùn màlúù ní ìyàrá mẹ́rin, ti ẹṣin ní ọ̀kan, parasítámọ́ọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ̀yin ń lò fún orí fífọ́ tó láti pa ológbò. Ẹni tó mọ oògùn adìyẹ, adìyẹ ló mọ̀. Lórí adìyẹ náà pàápàá, ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ló yẹ kí ẹ dá ẹyin dúró lẹ́yìn tó bá fún wọn ní oògùn tó ń pa kòkòrò, kí ẹ tó kó o fún aráyé jẹ. Ó wà lára páálí oògùn. Bó bá dá yín lóhùn láìronú, ẹ di í mú dáadáa, òṣìṣẹ́ gidi ni.

Ètò ẹ̀kọ́ náà, n kò ní fi í pa yín lórí. Ọdún àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tó kà ní sẹ́kọ́ńdírì, fisíìsì àti kẹ́místírì àti bàọ́lọ́jì. Lẹ́yìn ìyẹn ni anátómì, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, dé, pẹ̀lú òórùn formalin, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kó má bàa jẹrà, tí kì í kúrò lára aṣọ bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń sunkún. Ẹ̀kọ́ nípa àrùn, kòkòrò àti oògùn á tẹ̀ lé e, wọn á sì lo àwọn ọdún ìkẹyìn ní ilé ìwòsàn ẹran ti yunifásítì. Bó bá yege, wọ́n á mú un búra, Veterinary Council of Nigeria á sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láìsí ìforúkọsílẹ̀ yẹn, òfin kò gbà pé kó pe ara rẹ̀ ní dókítà ẹran níbí. Nítorí náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti fún ọmọ ní ààyè, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá Council náà fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún, kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Animal Science rọ́pò rẹ̀ fún yín bí ẹni pé ohun kan náà ni. Iṣẹ́ tó níyì ni, àmọ́ ẹni tó kọ́ ọ kì í ṣe dókítà ẹran.

Ìbéèrè yín kejì, ohun tó yẹ kó máa ṣe láti ìsinsìnyí, ló dùn mọ́ mi jù, nítorí kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn rẹ̀ nígbà tí mo wà níléèwé.

Pé ẹranko kì í sọ tẹnu rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ohun tí wọn kò sọ fún mi ni pé ẹni tó ni ẹran máa ń sọ̀rọ̀, kì í sì í sọ ọ́ tán. Nígbà míì ojú ń tì í. Ó ti fún ajá náà ní àgbo, ó ti fún un lábẹ́rẹ́ tó rà nísọ̀ oògùn, ó wá rò pé bí òun bá sọ ọ́, màá bínú tàbí kí n fi kún owó. Nígbà míì sì rèé, òun gan-an ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ẹlòmíì ló ń bá a tọ́jú wọn.

Mo fara gbá a. Kò tíì tó ọdún méjì tí mo gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi tí wọ́n pè mí sí ọgbà adìyẹ kan ní Rẹ́mọ. Adìyẹ ń kú, ìgbẹ́ wọn ti di àwọ̀ ewé, ọrùn àwọn mìíràn ti lọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n: àrùn Newcastle ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ọgbà ní òun ò fi ọjọ́ àjẹsára kankan jáfara, ó kó ìgò Lasota, àjẹsára Newcastle, jáde hàn mí, déètì rẹ̀ pé. Mo yára dá ẹjọ́. Mo ní ẹni tó tà á ni kò tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín, kí wọ́n lọ ra òmíràn níbòmíràn. Wọ́n rà á, wọ́n pò ó sómi, adìyẹ mu ún, wọ́n sì ń kú lọ. Ọjọ́ kẹta tí mo padà lọ, ọmọ tó ń pọnmi ni mo bá nínú ọgbà, ọ̀gá ti jáde. Mo kàn bá a tàkúrọ̀sọ. Ó ní, “Dókítà, ṣé kẹ́míkà tí a máa ń dà sínú táǹkì kò lè jẹ́ kí wọ́n máa kú?” Kẹ́míkà wo? Kúlóríìnì ni, kí omi má bàa ní ewéko. Àjẹsára yẹn, ohun tó wà láàyè ni. Kúlóríìnì á ti pa á kó tó dé ẹnu adìyẹ. Omi kànga tàbí omi òjò tí kò ní kẹ́míkà kankan, pẹ̀lú mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, ló yẹ kí wọ́n fi pò ó. Wọ́n ti pò ó sómi táǹkì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì sì jẹ́ nípa àṣẹ mi. Mo ti yẹ adìyẹ wò, mo ti yẹ ìgò wò, mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Mi ò bi ọmọ tó ń pọnmi léèrè. Ó sì ṣe mí bíi pé kí n lọ bẹ ẹni tó ta àjẹsára àkọ́kọ́, tí mo ti bà lórúkọ jẹ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́.

Látìgbà yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ padà. N kì í béèrè pé, “Ṣé ẹ ti fún un ní oògùn?” Gbogbo èèyàn á ní rárá. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni, “Èwo nínú oògùn ilé lẹ kọ́kọ́ fún un?” Wọ́n á sì sọ ọ́, bí ẹni pé mo ti wà níbẹ̀.

Ìgbà kan tún wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Màmá kan tó ń yan gàrí jí láàárọ̀, ó bá ewúrẹ́ mẹ́ta ní òkú, ẹ̀kẹrin ń gbọ̀n. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti fẹ́ bá obìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé jà, pé òun ló fi májèlé sílẹ̀. Mo la ètè ewúrẹ́ tó kù, inú ẹnu rẹ̀ pupa fòò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà pupa ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bi Màmá pé kí ni wọ́n ṣe lánàá. Wọ́n ní àwọn bó ẹ̀gẹ́. Èèpo rẹ̀ dà? Ó wà lẹ́yìn ilé, òkìtì kan, tútù, ẹnu ewúrẹ́ sì ti hàn lára rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì. Bí wọ́n bá sá a sóòrùn títí tó fi gbẹ dáadáa ló tó ṣe é fún ẹran jẹ. Abẹ́rẹ́ sodium thiosulphate la fún ẹ̀kẹrin, ó sì dìde. Ìlú tí gàrí ti jẹ́ iṣẹ́ bí Ìjẹ̀bú, ó yẹ kí ọmọ yín mọ èyí kó tó mọ orúkọ rẹ̀ ní Látìnì.

Nítorí náà, Bàbá, ọgbà yín gan-an ni kó ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ẹ fún un ní ìwé kan, kó máa kọ iye adìyẹ tó kú lójúmọ́, iye ẹyin, iye àpò oúnjẹ, ọjọ́ tí wọ́n fún wọn ní àjẹsára àti irú omi tí wọ́n lò. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé ọkùnrin yín káàkiri, kó gbé àpò rẹ̀ fún un, kó má sì ṣe àfojúdi sí i nítorí pé òun ti wọ yunifásítì. Ìgbà tó bá di ọdún kẹrin, á mọ ibi tí ọkùnrin náà ti tọ̀nà àti ibi tí kò ti tọ̀nà. Tí adìyẹ bá kú, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ nù kí wọ́n tó ṣí i wò, bó bá ti dé ọdún tó mọ̀ ọ́n ṣí.

Nígbà ìsinmi, kó lọ dúró ní ilé ìpẹran ní ìdájí. Ẹ̀dọ̀fóró tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ, ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò kún inú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa rí i ju inú ìwé lọ, á sì mọ ìdí tí ó fi yẹ kí dókítà ẹran wà níbi tí wọ́n ti ń pa ohun tí gbogbo wa ń jẹ. Bó bá lè gbọ́ Hausa díẹ̀, á ràn án lọ́wọ́ púpọ̀ ní Sábó àti ní ìsọ̀ àgbò nígbà Iléyá. Ìjẹ̀bú rẹ̀ náà, kó má jẹ́ kí Abẹ́òkúta gbà á lẹ́nu rẹ̀; àgbà obìnrin kì í sọ àṣírí ewúrẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lórí rédíò.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan ajá ní ilé ìwòsàn, kó gba àjẹsára dìgbòlugi. Èyí, n kò fi ṣeré. Bí àrùn náà bá ti fara hàn lára èèyàn, kò sí oògùn tí a lè gbára lé.

Ti owó àti ti òkè òkun, mo mọ̀ pé àbúrò yín á béèrè. Iṣẹ́ wà ní ìjọba, ní ọgbà adìyẹ ńlá, ní ilé iṣẹ́ oògùn, ní yàrá àyẹ̀wò, ní ilé ìwòsàn ajá ọlọ́lá l'Ékòó. Bó bá wù ú láti lọ, ìdánwò wà tó máa ṣe kó tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, NAVLE ti Amẹ́ríkà tàbí ti RCVS, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà ẹran sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún yìí.

Ó ku ohun kan, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún. Láti ọdún kẹta lọ, ọmọ yín á máa ti ọgbà kan bọ́ sí òmíràn, bàtà rẹ̀ á sì máa gbé àrùn láti ibì kan dé ibòmíràn. Bó bá dé sílé lọ́jọ́ Sátidé, tó ní òun fẹ́ lọ kí adìyẹ, ẹ ra bàtà òjò kan tí kò ní jáde kúrò nínú ọgbà yín láé, ẹ gbé omi oògùn apakòkòrò sẹ́nu ọ̀nà, kó bọ́ tirẹ̀ síta, kó fọwọ́, kó tó wọlé. Á ní, “Bàbá, èmi ni o.” Ẹ ní ẹ mọ̀ pé òun ni.