Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Mi: Tí Neutron Bá Gbá Irin, Kí Ni Irin Ń Sọ?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lóṣù tó kọjá mo sọ ọ́ lójú ìwé yìí pé tí neutron, wóró bíńtín kan tó máa ń wà nínú átọ́ọ̀mù, bá gbá irin, irin yẹn á ju gamma, ìtànṣán alágbára tójú ò lè rí, jáde, àti pé ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wọn gamma yẹn lè pe irin náà lórúkọ láì fọwọ́ kàn án. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé lẹ́yìn ìyẹn pọ̀ gan. Mẹ́rin ni mo mú lónìí, ọ̀kan nínú wọn máa gba ààyè ju àwọn yòókù lọ, ẹ jẹ́ kó gbà á, ó tọ́ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Wẹ́dà ni mí ní Òkè-Àró níbí ní Àkúrẹ́, géètì àti bọ́gìlárì ni mò ń ṣe. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ físíìsì ló ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí. Báwo ni irin ṣe ń sọ orúkọ ara ẹ̀? Ṣé iná tó ń ṣẹ́ yọ tí mo bá ń jó irin mọ́ra wọn náà ni gamma tí ẹ̀ ń wí? – Wẹ́dà, Òkè-Àró

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, iná yẹn kọ́. Ìmọ́lẹ̀ wẹ́dì tó ń ta ojú bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i lóru tẹ́ ẹ bá gbàgbé gíláàsì yín, ara àwọn electron tó ń yí átọ́ọ̀mù ká ló ti ń wá. Gamma ti inú kóró átọ́ọ̀mù ni, àárín gbùngbùn pátápátá, ibi tí ooru wẹ́dà ò lè dé bó ti wù kó gbóná tó. Ẹ fi agbára wọn wéra (eV la fi ń wọ̀n ọ́n, keV kan sì jẹ́ eV 1,000): ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí ò ju bíi eV 2 sí 3 lọ, gamma irin kan tí mo máa dárúkọ léraléra lónìí, 847 keV ni, ìyẹn eV 847,000.

Neutron yìí, James Chadwick ló ṣàwárí ẹ̀ ní Cambridge ní 1932, kò ní iná kankan lára, kì í ṣe pósítífù kì í ṣe nẹ́gátífù, torí ẹ̀ ni kò fi sí ohun tó ń tì í padà lẹ́nu ọ̀nà, ńṣe ló ń wọlé tọ kóró lọ tààrà. Tó bá wá débẹ̀, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Tó bá ń sáré, ó lè gbá kóró yẹn kó sì bá tiẹ̀ lọ, kóró tó gbá á wá máa gbọ̀n, kò ní fara balẹ̀ àfi tó bá ju agbára tó kọjá òdiwọ̀n yẹn sílẹ̀, ohun tó jù sílẹ̀ yẹn ni gamma. Tí neutron bá rọra ń bọ̀, kóró lè gbé e mì, á di tiẹ̀ pátápátá, ìyẹn náà á tún ju gamma jáde, tiẹ̀ sì máa ń lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì.

Ẹ gbé agogo méjì kalẹ̀, ńlá kan kékeré kan, kí ẹ fi ọ̀pá kan náà lu méjèèjì. Ohùn agogo lẹ máa gbọ́, ẹ ò ní gbọ́ ti ọ̀pá. Oríṣi irin tí wọ́n ń pè ní Fe-56, tó jẹ́ nǹkan bí 92 nínú 100 gbogbo irin tẹ́ ẹ̀ ń jó mọ́ra, ohùn tiẹ̀ tí neutron tó ń sáré bá gbá a ni 847 keV, tó bá sì gbé èyí tó rọra ń bọ̀ mì, ó ní méjì tó lé tente, 7,631 àti 7,645 keV. Alumíníọ̀mù ń ju 7,724 jáde, bàbà 7,916, nickel 8,998. Kálukú ló ní orin tiẹ̀, orin yẹn sì gùn, nọ́ńbà bíi mélòó kan péré ni mo dárúkọ fún yín.

Èyí tó máa ń wú mi lórí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n ti fi ọgbọ́n yìí wo ilẹ̀ òṣùpá láti òkè, Lunar Prospector, ọkọ̀ òfúrufú tó ń yí òṣùpá ká, ló ṣe é láti 1998, Mars Odyssey tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ ní 2001 náà ṣe é fún Mars. Kò sẹ́ni tó gbé neutron lọ síbẹ̀ o. Ìtànṣán tó ń ti òfúrufú wá ló ń lu ilẹ̀ ibẹ̀ tí neutron fi ń tú jáde, neutron yẹn á gbá irin inú ilẹ̀, gamma á gòkè wá bá ẹ̀rọ lókè, wọ́n á sì mọ̀ pé irin wà níbẹ̀ láì gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó ka ìyẹn dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìkòkò alumí ni mò ń tà ní Ọjà Ọba. Ẹnì kan ní ẹ sọ pé alumí máa ń di olóró tí kiní yẹn bá gbá a. Ṣé kí n má tà á mọ́ ni? – Ìyá oníkòkò

ÌDÁHÙN: Ẹ máa ta ọjà yín, Màmá. Neutron tó lè ṣe irú ẹ̀ ò sí nínú ilé ìdáná, díẹ̀ bíńtín tó ń ti òfúrufú bọ̀ ò tó nǹkan. Kódà ká ní wọ́n gbé ìkòkò yín síwájú neutron ní láàbù, alumíníọ̀mù tó bá gbé e mì á di Al-28, oríṣi alumíníọ̀mù olóró kan, ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ò ní pé tí ìdajì ẹ̀ á ti lọ, á ju gamma 1,779 keV jáde, á sì di silicon, tó ń bẹ nínú iyanrìn lásán. Kí ìdajì wákàtí tó pé, nínú ẹgbẹ̀rún kan tó wà níbẹ̀, ẹyọ kan tún lè máà kù. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi àwọn tó ń rọ ìkòkò fún yín ni irú àjákù tí wọ́n yọ́, torí táwọn àjákù bátìrì àti páàtì mọ́tò bá wọ inú ẹ̀, òjé lè bá a wọlé, òjé inú ọbẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí, ọdún kẹrin, Àúlé ni mò ń gbé. Nínú project wa, a gbé irin pẹlẹbẹ kan síwájú orísun neutron Am-Be (americium àti beryllium tí wọ́n pò pọ̀), ẹ̀rọ NaI la fi ń ka gamma. A rí ṣóńṣó kan, ibi tí iye gamma ti ga sókè, ní nǹkan bí 845 keV. Ẹnìkejì mi ní irin ni, èmi ní alumíníọ̀mù ni torí ohun tó gbé irin yẹn dúró, alumíníọ̀mù ni. Ta ló jàre nínú wa sà? – Ọmọ Àúlé

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ̀yin méjèèjì lè jàre, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Tí neutron tó ń sáré bá gbá alumíníọ̀mù, ó ń ju 844 keV jáde, irin ń ju 847, ìyàtọ̀ wọn ò ju 3 lọ. NaI tí ẹ̀ ń lò máa ń fẹ ṣóńṣó kan lójú 845 yẹn tó bíi 50 sí 60 keV, báwo lo ṣe fẹ́ fi ya méjì tí wọ́n fi 3 jìnnà síra sọ́tọ̀? Ẹ̀rọ germanium ló lè gbìyànjú ẹ̀, torí tiẹ̀ ò ju bíi 2 keV lọ ní fífẹ̀, àmọ́ ó fẹ́ kí wọ́n máa fi nitrogen olómi tutù ú ní −196°C, ìwọ náà sì mọ ohun tó máa ń ná èèyàn láti rí ìyẹn gbà lọ́dọ̀ wa.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ní láàbù kan, a ka irin mọ́jú, 847 yọ gbọnrangandan lójú kọ̀ǹpútà, mo kọ ọ́ sílẹ̀, inú mi dùn. Ọ̀gá mi ò sọ nǹkan kan. Ó yọ irin yẹn kúrò, ó gbé e síta, ó ní ká tún kà á fún wákàtí tí a fi kà á tẹ́lẹ̀. A dúró. Nígbà tó parí, ṣóńṣó yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó kàn kúrú díẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ tábìlì ni! Ẹsẹ̀ tábìlì, bóòtù tó de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, irin inú kọnkéré, gbogbo wọn ni neutron ti ń gbá látòru tí wọ́n ti ń sọ orúkọ wọn, mo wá ń ka tiwọn mọ́ ti irin mi. Látọjọ́ yẹn, mi ò tíì gba nọ́ńbà ẹnikẹ́ni gbọ́ tí kò bá kọ́kọ́ fi ti yàrá òfìfo hàn mí.

Torí náà, kọ́kọ́ gbé irin yẹn kúrò, kí gbogbo nǹkan yòókù wà níbi tó wà, kí ẹ kà á fún iye àkókò kan náà, kí ẹ wá yọ ìyẹn kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ lè máa jiyàn lé lórí. Kí ẹ tó ṣe é rárá, ẹ fi Cs-137 (cesium olóró) tó ń jù 662 àti Co-60 (cobalt olóró) tó ń jù 1,173 àti 1,332 yẹ ìwọ̀n ẹ̀rọ yín wò, torí tí ìwọ̀n bá yẹ̀ díẹ̀, 845 yín lè máà jẹ́ 845.

Lẹ́yìn náà, má fi ṣóńṣó kan ṣoṣo dá ẹjọ́. Tó bá jẹ́ irin, wo 1,238 keV, èyí tó yẹ kó bá 847 rìn. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, wo 1,014 àti 2,212. Ẹ máa rí 2,223 náà, èmi ò rí i yín o àmọ́ mo mọ̀, hydrogen inú ìda abẹ́là tàbí rọ́bà tẹ́ ẹ fi ń dẹ neutron lẹ́sẹ̀ nìyẹn, ó sì sún mọ́ 2,212 débi tí NaI tún máa pa wọ́n pọ̀, nítorí náà 1,014 ni kó o gbẹ́kẹ̀ lé. Òkè kan tó tóbi tó sì fẹ̀ máa wà lójú 4,438, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀, inú orísun yín fúnra ẹ̀ ló ti wá: alpha láti ara americium gbá beryllium, ó di carbon, carbon yẹn ló ń ju gamma yẹn bó ṣe ń sáré lọ, ìdí nìyí tó fi fẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àkókò náà máa ń jẹ́rìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Gamma tó ń jáde lójú ẹsẹ̀ tí neutron gbá kóró, tẹ́ ẹ bá ti gbé orísun padà sínú àpótí ẹ̀, ó parí. Àmọ́ neutron tó ń sáré tún lè sọ alumíníọ̀mù di Mg-27 (magnesium olóró), tó ń ju 844 kan náà àti 1,014, ìdajì ẹ̀ sì ń lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ààbọ̀. Manganese tó máa ń wà nínú irin wa náà lè di Mn-56, tó ń ju 847 geerege, ìdajì tiẹ̀ ń lọ láàárín wákàtí 2.58, 847 yẹn kò sì yàtọ̀ sí ti irin rárá torí inú Fe-56 ló ń já sí. Nítorí náà ẹ gbé orísun padà, kẹ́ ẹ tún ka irin náà, kẹ́ ẹ máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Tó bá ń já wálẹ̀ kíákíá, o mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Tó bá ń fà nílẹ̀ fún wákàtí, o mọ ìyẹn náà.

Tẹ́ ẹ bá wá rí germanium lò lọ́jọ́ kan, ẹ máa rí nǹkan kan tó jọ eyín ayùn lójú 596 àti 691, iwájú ẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn ẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sápá ọ̀tún. Germanium inú ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ni neutron gbá, agbára tí kóró ẹ̀ fi ta padà sẹ́yìn ló ń lẹ̀ mọ́ èyí tó jù sílẹ̀ tó fi ń fà síwájú. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Geel ní Bẹ́ljíọ̀mù máa ń gbé irin jìnnà sí orísun tó 200 mítà, torí gamma orísun á ti dé kí neutron tó dé, wọ́n á wá fi aago ya wọ́n. Neutron tó ní 1 MeV ò ju bí ìdá kan nínú ogún eré ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ò ní irú ààyè yẹn, ẹ ní yàrá òfìfo, ẹ ní aago, ìyẹn tó fún project.

Ohun kan péré ṣáá: àwọn búlọ́ọ̀kù òjé tẹ́ ẹ tò ò lè dá neutron dúró, gamma nìkan ni òjé ń dá lẹ́kun. Ìda ló ń dẹ neutron lẹ́sẹ̀, boron ló ń gbé e mì, òun náà á sì ju 478 keV tiẹ̀ jáde. Ẹ má fọwọ́ kan orísun yẹn láì jẹ́ pé ẹni tó ni ìwé àṣẹ ẹ̀ dúró tì yín.

ÌBÉÈRÈ: Sà, àjákù irin ni mò ń rà tí mò ń tà ní Òǹdó níbí. Tí irin tí neutron ti gbá bá wà nínú ẹrù mi, báwo ni mo ṣe máa mọ̀? – Oníṣòwò àjákù

ÌDÁHÙN: Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń yọ́ irin fi máa ń gbé ẹ̀rọ sẹ́nu géètì. Àmọ́ irin tí neutron gbá ọ̀hún kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún yín. Ohun tó ń ju neutron tàbí gamma yẹn fúnra ẹ̀ ni, torí ó ń rìn nílùú. Àwọn tó ń wo inú kànga epo ń lò ó, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà náà ń fi í wọn ọ̀rinrin ilẹ̀, Am-Be kan náà tí ọmọ Àúlé ń lò ni, ìdajì americium inú ẹ̀ á sì tó nǹkan bí ọdún 432 kó tó lọ. Ní December 2002, wọ́n jí irú ẹ̀ gbé lọ́wọ́ àwọn elépo ní ìhà Niger Delta, Jámánì ni wọ́n ti wá rí i ní 2003, nínú àjákù irin! Ẹ wo iye ọwọ́ irú ẹ̀yin tí kiní yẹn gbà kọjá. Ní Goiânia ní Brazil ní 1987, àwọn méjì wọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti pa tì, wọ́n tú ẹ̀rọ kan, wọ́n tà á fún alájákù, òun náà rí i tó ń tan búlúù lálẹ́, ó gbé e wọlé fún ìyàwó àtàwọn ẹbí. Cs-137 ni. Èèyàn 4 kú, ọmọ ọdún mẹ́fà kan wà nínú wọn, ó sì ràn mọ́ èèyàn 249 lára.

Tẹ́ ẹ bá rí àpótí tàbí ìgò irin kékeré tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n fi òjé bò, tàbí tí àmì aláwẹ́ mẹ́ta bí abẹ́bẹ̀ wà lára ẹ̀ lórí àwọ̀ yẹ́lò, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ gbé gáàsì tọ̀ ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn dáadáa, kẹ́ ẹ fi omi fọ ọwọ́ tó bá ti kàn án, kẹ́ ẹ pe ọlọ́pàá kí wọ́n bá yín dé ọ̀dọ̀ àwọn NNRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun olóró irú èyí. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó gbé e wá ibi tó ti rí i, torí ó ṣeé ṣe kí òmíràn ṣì kù níbẹ̀.