Ẹ tọ́ omi rẹ̀ wò kí ẹ tó bu ata sí i

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ń lọ fún ìpàdé ọjọ́ mẹ́rin ní Hanoi, olú ìlú Vietnam, wọ́n sì ti bà yín lẹ́rù pé omi ẹran lásán ni phở, ọbẹ̀ onínúdù wọn, kò ní ata, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ kúkú di gàrí dání. Ẹ di gàrí yín o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ phở. Èmi fọwọ́ ara mi ba abọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ni.

Oúnjẹ àárọ̀ ni níbẹ̀. Aago méje ni mo jókòó sórí àpótí oníke kékeré kan lẹ́bàá títì, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Mi ò gbédè, mo bá nawọ́ sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí lára pátákó: tái. Nígbà tí abọ́ dé, ẹran màlúù pẹlẹbẹ ni mo rí lójú omi, ó ṣì pupa! Èmi tí wọ́n fi ẹran tó rọ̀ dáadáa tọ́ dàgbà. Ẹ̀rù bà mí, mo bu ṣíbí mẹ́ta ata àti aáyù inú ọtí kíkan sí i, mo tún da omi ẹja oníyọ̀ wọn, nước mắm, lé e lórí. Ó kan gógó, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, ètè mi ń ta.

Ìyá olóúnjẹ wò mí títí. Kò sọ nǹkan kan. Ó bu omi díẹ̀ láti inú ìkòkò sí abọ́ kékeré, ó gbé e síwájú mi, ó fọwọ́ júwe pé kí n mu ún.

Ojú tì mí. Omi tó mọ́ gaara yẹn, egungun màlúù ni wọ́n fi iná jẹ́jẹ́ sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pẹ̀lú atalẹ̀ àti àlùbọ́sà tí wọ́n ti yan títí èèpo fi dúdú, àti kanáfùrù, àti èso gbígbẹ kan tó rí bí ìràwọ̀. Ata tí mo dà sí i ti pa gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹran tái yẹn, omi gbígbóná inú abọ́ ló ń sè é. Ẹ tì í sísàlẹ̀ kíákíá. Bí ọkàn yín ò bá gbà á, ẹ ní chín, ìyẹn ni jíjinná, tàbí phở gà, ti adìẹ. Ohùn ṣe pàtàkì nínú èdè wọn, àmọ́ ẹni tó mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ kò ní ṣòfò. Ẹ béèrè quẩy pẹ̀lú, ó dà bíi pọfupọfu tí wọ́n fà gùn tí wọn ò fi ṣúgà sí, ẹ máa rì í bọ omi náà. Awo ewé tútù àti èéhù ẹ̀wà tí ẹ ń rí nínú fọ́tò, ti Saigon ní gúúsù Vietnam nìyẹn.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Kí n tó jókòó, ìyá náà ti gbé ìgò ata kúrò lórí tábìlì. Ọjọ́ kẹta ló tó dá a padà fún mi.