Ṣé èèyàn lè fọ ògiri ìta tí òjò ti sọ di aláwọ̀ ewé láì ba ọ̀dà rẹ̀ jẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni: ẹ fi bílíìṣì tí ẹ là pa ohun aláwọ̀ ewé náà, kí ẹ sì fi omi láti inú ọ̀pá rọ́bà lásán ṣàn án kúrò, dípò ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi.

Ohun aláwọ̀ ewé náà kì í ṣe ìdọ̀tí lásán, ohun ẹlẹ́mìí ni. Agbára omi lè ha òkè rẹ̀ kúrò kó sì bó ọ̀dà, pàápàá lára ògiri àtijọ́ tó ń dún bí ìgbá òfìfo tí ẹ bá fìka kàn án.

Ẹ po ife bílíìṣì 1 mọ́ ife omi 3. Ẹ kọ́kọ́ bomi rin òdòdó tó wà nítòsí. Ẹ fín bílíìṣì tí ẹ pò náà sára ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kó má bàa fa ilà sí i lára, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, kó tó gbẹ kí ẹ ṣàn án láti òkè wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po bílíìṣì mọ́ ásíìdì tàbí oògùn ìfọlé ìgbọ̀nsẹ̀: afẹ́fẹ́ olóró ló máa yọ.

Ògiri amọ̀ tí wọn ò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kò sí nínú èyí. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a.