Ọmọ mi fẹ́ fi rìmóòtù wa ọkọ̀ òfurufú

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ọmọ ọdún 14, ní kí n ra ọkọ̀ òfurufú onírìmóòtù fóun. Ṣé kí n rà á? — Ìyá kan, Leeds

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí ẹgbẹ́ BMFA (àjọ àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú kékeré ṣeré ní Britain) tó wà nítòsí yín. Wọ́n á so rìmóòtù tó máa lò mọ́ ti olùkọ́. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ forí sọlẹ̀, olùkọ́ á gbà á kíá. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọ ló máa ń dà wọ́n láàmú, torí ọ̀tún á di òsì. Èmi máa ń ní kí wọ́n ti ọ̀pá rìmóòtù síhà ibi tí apá ọkọ̀ ti rẹlẹ̀, á sì dọ́gba.

Bí ọkọ̀ bá tó 250 gíráàmù (tàbí 100 gíráàmù bó bá ní kámẹ́rà), ẹ̀yin lẹ máa gba Operator ID (nọ́ńbà ẹni tí ọkọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀) lọ́dọ̀ CAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú, torí ọmọ náà kò tíì pé 18. Òun á ṣe ìdánwò Flyer ID (nọ́ńbà ẹni tó ń wa ọkọ̀) bí ọkọ̀ bá ti tó 100 gíráàmù. Ẹ wọ bàtà òjò o, pápá àgbẹ̀ la sábà máa ń lò!