Èsì: Ẹnì kan náà ni Shirley Temple àti aṣojú Amẹ́ríkà ní Gánà

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí. Ẹ bèèrè bóyá Shirley Temple, ọmọdébìnrin tó gbajúmọ̀ nínú fíìmù Amẹ́ríkà, àti Shirley Temple Black tó ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Gánà jẹ́ ẹnì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọdébìnrin inú fíìmù náà ló dàgbà tó sì ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Gánà láti 1974 sí 1976. Orúkọ ọkọ ló da ọ̀rọ̀ rú mọ́ yín lójú: bí ìwé tí ẹ ń wò bá ti ìgbà tó fẹ́ Charles Black ní 1950 wá síwájú, Shirley Temple Black ni kí ẹ máa wá níbẹ̀.

 Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé, nínú owó tó lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là tó pa nígbà ọmọdé, nǹkan bí 44,000 péré ló bá nígbà tó dàgbà.